Ẹgbẹ̀fà Ìpè fún Ọ̀tá Ìdọ̀tí

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Ìkẹjà lọ́dún 2002 tí kò mọ ojú Bọ́dúndé Àjíṣọlá, ẹni náà kò ra ọṣẹ rí ni. Ojú náà wà lára páálí, ó wà lára ọ̀rá ọṣẹ, ó wà lára ọkọ̀ tó ń gbé ọṣẹ kiri. Ó wọ agbádá nínú àwòrán náà, ó ń fi ìka tọ́ka sí ara rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn oyè tó fi ara rẹ̀ jẹ: Ọ̀tá Ìdọ̀tí, Ẹ̀rù Eruku, Baba Funfun Báláú.

Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń fọṣọ ló ń ṣe. Páálí sọ pé Òpópónà Ọba Àkran, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ni tirẹ̀ náà wà. Dopemu ló wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Bọ́dúndé ní kì í ṣe irọ́. Ó ní bí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, èèyàn á gbọ́ òórùn Ọba Àkran láti ibẹ̀.

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ìṣẹ́jú kan sì ń jẹ owó bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fíláàṣì. O pe ẹni tó lówó jù ọ́ lọ, fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, o já a, o jókòó, o ń retí kó pè ọ́ padà. Gbogbo Agége ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà sára ọ̀rá ọṣẹ: “Pe ọ̀gá fúnra rẹ̀.”

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Bọ́dúndé máa ń ṣe Àròjinlẹ̀. Ìwé kan tó rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló kọ́ ọ pé oníṣòwò tó bá fẹ́ tóbi gbọ́dọ̀ máa jókòó, kó máa ro bó ṣe ń polówó ọjà rẹ̀. Á di ojú. Á gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́. Bó bá ṣí ojú tán, ìbéèrè kan ló máa ń bi Oyinadé, akọ̀wé rẹ̀.

“Mélòó?”

Oyinadé, ọmọ Èkìtì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á ṣí ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó ti fóònù náà lórí aṣọ àrán tí wọ́n gbé e lé, kó máa kọ nọ́ńbà tó bá dún tó sì já.

“Méjìlélọ́gọ́ta lọ́sẹ̀ yìí, sà.”

Bọ́dúndé á fi ẹfun fa ilà sára pátákó, ilà náà á gòkè. Ó ti gòkè débi pé wọ́n kan pátákó kejì mọ́ orí àkọ́kọ́.

Wahab tó ń wa ọkọ̀ ọṣẹ sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù Agége tún dá páálí padà, pé ọkọ̀ ń kún bọ̀ ju bó ṣe ń kún lọ.

“Ọjà ń sinmi ni,” Bọ́dúndé dá a lóhùn. “Ìpè ńkọ́? Ṣé ìpè sinmi? Ẹni tó pè mí tó tètè já a, ó kí mi ni. Ojú ń tì í láti bá èèyàn ńlá sọ̀rọ̀.”

Oyinadé ní ṣé kí àwọn pe mẹ́ta péré padà nínú wọn.

“Kí n wá sọ pé kí ni? Pé mo gbọ́ ìkíni wọn?”

Oyinadé fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan hàn án: *Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pè mí. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yín ni.* Bọ́dúndé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gàgàrà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, nítorí pé wọ́n ti wá ń bẹ òun báyìí.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Alhájà Adébísọ́lá ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ńlá mẹ́ta ni Alhájà ní ní Abúlé Ẹ̀gbá, ohun tó bá sì gbé sórí pẹpẹ rẹ̀, títí dé Ọ̀tà ni wọ́n ń rà á. Ó ń wá ọṣẹ kan ṣoṣo tí òun á máa kó ní gbogbo ọdún. Bọ́dúndé kì í sọ ọ́ nígbà Àròjinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n: bí Alhájà kò bá kó ọṣẹ yìí, ohun tí yóò kù fún un lópin ọdún kò ju pátákó méjì lọ.

Alhájà wá, ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́fà ni ìpè náà, Alhájà. Á dún lẹ́ẹ̀kan, á já. Wọ́n ń kí mi ni.”

“Wọ́n ń kí yín?”

“Ìkíni ọ̀wọ̀ ni, mà.”

Alhájà wo pátákó. Ó wo Oyinadé. Oyinadé wo ilẹ̀.

“Ó dáa,” ni Alhájà wí. “Ẹ jẹ́ kí n rí díẹ̀ nínú àwọn tó ń kí yín.”

Bọ́dúndé fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí Oyinadé máa tẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn: *Ẹ wá sí ilé iṣẹ́ wa ní Dopemu lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá. Ẹ mú ohun tí ọṣẹ wa ṣe fún yín dání, kí gbogbo ayé lè rí i.* Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kọ Dopemu sílẹ̀.

“Sà,” Oyinadé bi í, “ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n kọ ọ́? ‘Ohun tí ọṣẹ wa ṣe fún yín’?”

“Má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.”

“Mi ò ní yọ ọ́, sà.”

Nígbà tí Oyinadé yọ àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èèyàn tó kù kò ju igba lọ. Kò sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bi í.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ta ìbòòrùn, wọ́n to àga, wọ́n pe ayàwòrán kan. Agbádá aláwọ̀ àlùkò ni Bọ́dúndé wọ̀, àwọ̀ náà sì jinlẹ̀ débi pé ayàwòrán ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Alhájà jókòó níwájú pẹ̀lú awò dúdú lójú rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, èrò ti kún. Kálukú wọn ló gbé àpò ọ̀rá dání.

“Ẹ̀bùn ni wọ́n kó wá,” Bọ́dúndé sọ sí Alhájà létí. “Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.”

Ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe bàbá àgbà kan jáde.

“Bàbá, ẹ sọ ohun tí ọṣẹ mi ṣe fún yín.”

“Orúkọ mi ni Joseph Ògúnlànà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣòkòtò mi nìyí.” Bàbá gbé e sókè. “Dúdú ni nígbà tí mo rà á.”

Ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò náà ti funfun. Ìkejì ṣì ń rò ó lọ́wọ́.

“Ìgbà mọ́kànlélógún ni mo pè yín,” ni Bàbá wí, “kí ẹ lè pè mí padà kí n sọ fún yín.”

Obìnrin kan kó aṣọ ilé ìwé ọmọ mẹ́ta jáde. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé ìwé ti dá àwọn ọmọ náà padà, pé àwọn kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ádámù, tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Àkran, na ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, tí orúkọ ilé iṣẹ́ ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Ó ní ẹnìkejì òun kò jẹ́ kí òun wọlé mọ́.

Àwọn tó kù kò dúró de kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n ń sá aṣọ wọn sórí okùn ìbòòrùn, ìkan tẹ̀ lé ìkan, títí ibẹ̀ fi dà bí ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀. Ayàwòrán ń yà á.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ni Bọ́dúndé wí, “ṣé kò funfun ni?”

Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò funfun.

Bàbá Ògúnlànà ló tún sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bi ọmọ ilé ìwé. “Ọ̀gá, agbádá ọrùn yín yìí dára. Ṣé ọṣẹ yín náà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?”

Bọ́dúndé wo agbádá rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Èyí? Rárá o. Aṣọ olówó ńlá nìyí.”

Wọ́n gbọ́ ọ dé Akówónjọ.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Wahab, ó kọ ojú sí ara ọkọ̀ kó má baà hàn, ibẹ̀ ló sì ti bá àwòrán ọ̀gá rẹ̀ pàdé, tó ń fi ìka tọ́ka sí ara rẹ̀.

Alhájà dìde. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo okùn ìbòòrùn láti òpin dé òpin. Ó mú fóònù jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù orí aṣọ àrán dún lẹ́ẹ̀kan. Ó já.

“Èmi náà ti kí yín,” ni Alhájà wí, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Abúlé Ẹ̀gbá.

Bọ́dúndé di ojú. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo èèyàn ló ń wúkọ́.

Oyinadé ṣí ìwé. Ó kọ nọ́ńbà Alhájà sábẹ́ àwọn tó kù, ó sì kọ àpapọ̀ rẹ̀ síbẹ̀: ẹgbẹ̀fà ó lé méje.