Ẹ̀rọ Pickrell Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ bá mi kí Thurman Pickrell, Abàtà-dán-bí-dígí, ọ̀gá wa ní Titusville, ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí ilé òfuurufú tí èèyàn méje ń gbé lókè ọ̀run. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sára yàrá ìpàdé, sára ife kọfí, títí dórí ìgbálẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ló kù.

Ló bá ṣe ẹ̀rọ ìdárayá kan, ó fi wúrà kọ PICKRELL sí i gàdàgbà. Ó ní ẹ̀rọ náà ni kí a kọ́kọ́ gbé wọnú ọkọ̀ tó ń lọ sókè, kó lè wà níwájú gbogbo ẹrù, kí kámẹ́rà tètè rí i.

Lọ́dọ̀ wa, òrùka pákó kan wà tí kò tóbi ju ẹnu ọ̀nà ilé òfuurufú lọ. Ẹrù tí kò bá gba inú rẹ̀ kì í lọ. Dolores Cantú ló ń ṣọ́ ọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ti tiyín náà gba inú òrùka."

"Kí pákó máa ha wúrà mi? Mo ti wọn ẹ̀yìn ọkọ̀. Erin ń gbabẹ̀!"

"A máa dí ẹ̀yìn yẹn pa kó tó gbéra. Iwájú ni wọ́n á ti kó ẹrù jáde lọ́hùn-ún, ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n péré. Ogójì ni tiyín. Pọ́ǹpù tuntun fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ló sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Tọwọ́ wọn ti bàjẹ́ o!"

"Dolores, òrùka yẹn ló kéré. Èmi kì í ṣe ẹni kékeré."

Bó ṣe wí la ṣe kó ẹrù, ọkọ̀ sì gbéra. Ọjọ́ tó máa dé òkè pé. Àwọn aṣòfin wà níkàlẹ̀ ní gbọ̀ngàn wa, oníròyìn wà níkàlẹ̀, ìyá ìyàwó Pickrell ń jẹ edé díndín. Lójú amóhùnmáwòrán, Hruska, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbé ilé òfuurufú, ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wúrà tàn yòò, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó fa ẹ̀rọ náà. Ó tún fà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Sà, nǹkan yín ò gba ẹnu ọ̀nà o."

"Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbé e!"

"A ti fi ẹ̀gbẹ́, a ti dorí rẹ̀ kodò. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí àwa méje ti ń ṣègbọ̀nsẹ̀ sínú ọ̀rá. Mo fẹ́ gé e."

"Gé orúkọ mi? Ẹ máa lo ọ̀rá yín lọ! Ìgbẹ́ kì í pa èèyàn!"

Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, edé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ́fun. Ayùn ni Hruska mú, ó gé PICKRELL sí wẹ́wẹ́ níṣojú wa, ó sì fa pọ́ǹpù rẹ̀ jáde. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọkọ̀ yìí náà ló máa kó ìdọ̀tí wa padà, á sì jóná lójú ọ̀run kó tó délẹ̀. A ó kó wúrà yín sí i pẹ̀lú àwọn ọ̀rá náà."

Pickrell wolẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Dolores gbé àwo edé sún mọ́ ọn.

"Ẹ jẹun, ọ̀gá. Orúkọ yín á ṣáà dé ojú ọ̀run."