Àmín Ti Hòtẹ́ẹ̀lì Ni

Kò sí ohun tí oníbàárà fún Lùkúmọ̀n rí tí Ọ̀gá Tìjání kò gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Lùkúmọ̀n ló ń gbé oúnjẹ fáwọn tó wá jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì Ọ̀gá Tìjání, ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é o, tábìlì tó ń mì lẹ́sẹ̀ àti bẹ́ǹṣì gbọọrọ ló wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá jẹun yó, tó fi tọ́rọ́ tàbí sísì ṣe dáàṣì fún Lùkúmọ̀n, kó tó pa ọwọ́ dé, ọ̀gá ti dé.

"Mú un wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, dáàṣì tèmi ni."

"Ilé ta lo ti gbà á?"

"Ilé yín ni, sà."

"Abọ́ ta lo fi gbé ìrẹsì fún un?"

"Abọ́ yín ni, sà."

"Mú un wá, jàre!"

Kangan! Owó ti bọ́ sínú agolo bísíkíìtì.

Agolo yìí kì í kúrò lábẹ́ abíyá Ọ̀gá Tìjání. Tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó gbé e dání. Tó bá fẹ́ lọ sí ṣáláńgá, ó gbé e dání.

Oníbàárà kan fún Lùkúmọ̀n ní egungun ògúfe tí ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Ọ̀gá gbà á, ó fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀ mu fìì! Òmíràn fún un ní fìlà àlòkù. Ọ̀gá gbà á, kò wọ̀ ọ́ lórí, ó ṣáà dé e. Ẹnìkan tiẹ̀ bọ Lùkúmọ̀n lọ́wọ́ lásán, ọ̀gá sáré jáde pé kí ọkùnrin náà padà wá bọ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ṣùgbọ́n kò pa Lùkúmọ̀n lẹ́rìn-ín rárá. Hàwáwù ọmọ télọ̀ ló fẹ́ fi ṣaya, bàbá ọmọ sì ti sọ̀rọ̀: "Bí o ò bá gbé ìdána wá kí Iléyá tó dé, káfíńtà kan wà l'Ókè Àrín tó ń kí mi láràárọ̀." Iléyá ti ń kanlẹ̀kùn, inú agolo ọ̀gá sì ni ìdána wà.

Ó wá ku Màmá Àlímọ̀t.

Màmá Àlímọ̀t ń ta aṣọ l'Ọ́jà Balógun. Kì í fún èèyàn lówó. Àdúrà ni dáàṣì tiẹ̀, àdúrà ẹ̀ sì ń gbà kíákíá. Ìgbà tí ewúrẹ́ Àrẹ̀mú onígbàjámọ̀ sọnù, Màmá ṣàdúrà sí i. Ewúrẹ́ náà dé kí oòrùn tó wọ̀, ó tún mú òbúkọ kan lẹ́yìn wálé.

Inú Lùkúmọ̀n dùn. Àdúrà ò kúkú wọ agolo!

Màmá jẹun tán lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á sọ ọ́ di olówó."

Lùkúmọ̀n la ẹnu.

"ÀMÍÌÌÌN!"

Ojú fèrèsé ilé ìdáná lohùn yẹn ti wá. Abọ́ gbọ̀n wọ̀ìwọ̀ì. Ológbò tó sùn sábẹ́ tábìlì fò síta.

"Ọ̀gá, ẹ tún gba àdúrà náà?"

"Ẹni tó bá ṣe àmín ló ni àdúrà. Ta ló kọ́kọ́ ṣe é?"

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Tìjání kò kúrò lójú fèrèsé mọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni ìyàwó ẹ̀, Ìyá Kàsímù, ti máa ń ro ọbẹ̀. Ìyá Kàsímù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìgbakọ onírin ọwọ́ ẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí èrò mọ́ṣáláṣí kún inú hòtẹ́ẹ̀lì fọ́fọ́, Lùkúmọ̀n tẹnu bọ Màmá Àlímọ̀t létí.

"Màmá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ Hàwáwù ni. Ṣùgbọ́n ẹ rọra ṣe é o!"

Etí Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹni tí etí ẹ̀ bá sì ti di, kì í mọ bí wọ́n ṣe ń rọra.

"ỌMỌ MI! Ọmọge eléyinjú ẹgẹ́ tí ò ń fẹ́ yẹn, kí Iléyá tó dé, wọ́n á gbé e wọlé fún ọ!"

"ÀMÍÌÌÌÌÌN! Àmín láṣẹ Ọlọ́run! Lónìí kó tó dọ̀la!"

Gbogbo oníbàárà yíjú sí fèrèsé.

Lẹ́yìn Ọ̀gá Tìjání, ìgbakọ dúró nínú ọbẹ̀.

"Bàbá Kàsímù. Ọmọge wo ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé fún yín?"

"Háà! Kì í ṣe tèmi! Ti Lùkúmọ̀n ni!"

"Ta ló ṣe àmín?"

Ọ̀gá di agolo ẹ̀ mú.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ṣe àmín ló ni àdúrà?"

Gbòó! Orí fìlà àlòkù yẹn ló bà.

Ìyá Kàsímù ò yájú sí ọkọ rí láyé ẹ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ń nà án. "Ẹ dúró, sà." Gbòó! "Ẹ má bínú, sà." Gbòó! Ọ̀gá já síta, ó ń yí tábìlì po. Àwọn oníbàárà gbé abọ́ ìrẹsì sókè, wọ́n ń jẹun lóòró.

"Ṣe sùúrù, ìyàwó mi!"

"Èwo nínú wa lẹ ń pè?"

Yéè! Ẹ bá mi di ìhà mi mú!

Ọ̀gá Tìjání sá pamọ́ sẹ́yìn Lùkúmọ̀n. "Lùkúmọ̀n, gba àdúrà ẹ! Ṣe àmín!"

Lùkúmọ̀n wo àjà.

"Rárá o, sà. Ilé yín ni mo ti gbà á. Abọ́ yín ni mo fi gbé ìrẹsì."

Gbòó!

"Gba agolo! Gba gbogbo ẹ̀!"

"Fìlà ńkọ́, sà?"

"Gba fìlà!"

Lùkúmọ̀n dé fìlà, ó gbá agolo mọ́ra bí ọmọ tuntun, ó ní, "Àmín."

"Pariwo ẹ̀ kó gbọ́!"

"ÀMÍÌÌÌN!"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Kàsímù sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Àlímọ̀t, tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú gbogbo rògbòdìyàn yìí, tó ṣì ń jẹ pọ̀nmọ́ ẹ̀.

"MÀMÁ, Ẹ ṢE TÈMI NÁÀ."

Màmá gbójú sókè. "Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tí kò láhun, tó ń gbọ́ tìyàwó, tí kò ní wo obìnrin mìíràn títí ayé!"

"ÀMÍÌÌN!" Gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ló ṣe é. Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì náà bá wọn ṣe é.

Ìyá Kàsímù yíjú sí abẹ́ tábìlì, níbi tí ọkọ ẹ̀ ti sá wọ̀.

"Bàbá Kàsímù, mi ò gbọ́ tiyín."

Ó gbé ìgbakọ sókè díẹ̀.

"Àmín," ni Ọ̀gá Tìjání wí, pẹ̀lú ohùn bíi ti ẹ̀fọn.