Ilé Ìwòsàn Tí Wọ́n Kọ́ Sórí Fìlà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde? Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ yín. Èmi mọ ilé náà, mo mọ ẹ̀ṣọ́ náà, mo sì mọ ẹni tó kó o. Ẹ fara balẹ̀.

Káfíńtà kan wà ní Òkè-Àgbàrá tó ń jẹ́ Oyèkànmí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àga àti ìlẹ̀kùn nìkan ni wọ́n máa ń gbé fún un ṣe. Nígbà tí ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn, Alàgbà Akíngbadé, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, kéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe àfijọ rẹ̀ wá, ilé pínníṣín tí wọ́n lè gbé sórí tábìlì, kí ìlú lè fojú rí ohun tí wọ́n máa kọ́. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan ní Ìbàdàn gbọ́, ó ránṣẹ́ sí òkè òkun pé kí wọ́n fi ògiri oníke, igi oníke àti ènìyàn oníke ránṣẹ́ sí òun.

Wọ́n sọ èyí fún Oyèkànmí, ó rẹ́rìn-ín. "Owó ni òun fi ń wá nǹkan. Ojú ni èmi máa fi wá tèmi."

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Páálí bísíkíìtì di ògiri. Ó rin páálí mìíràn lómi, ó bó awọ òkè rẹ̀ kúrò, ibi tó ní ìlà-ìlà nínú ló kù, ó sì jọ páànù ìkọ́lé bí ìbejì. Agolo mílíìkì di táǹkì omi, ẹyọ ìgbálẹ̀ di òpó, ilé ìṣáná di ibùsùn aláìsàn. Kànrìnkàn tó fi omi ewé pa láró di orí igi. Ògì gbígbóná ló fi lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, bọ́tìnì àti igi ìtayín nìkan ló rà.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, èmi kì bá tí ní ìtàn kankan sọ. Ṣùgbọ́n ojú tó bá ti rí ògiri lára páálí, kì í mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró mọ́. Ilé ìwòsàn kò tíì ní ọgbà. Oyèkànmí rí òòyà ìyàwó rẹ̀, eyín rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ọgbà onírin. Ó mú un.

"Bàbá Mopélọ́lá, ẹ bá mi rí òòyà mi?" ni Ṣíjúadé, ìyàwó rẹ̀, bi í.

"Ó wà lọ́wọ́ ìlú." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ṣíjúadé rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́, yẹtí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé òòyà, wọ́n di iná ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ṣíjúadé wà nílé nígbà náà, ó wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ wẹ̀. Kó tó padà dé, awò ti di gíláàsì fèrèsé róbótó méjì. Ó wá a títí, kò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá bá odó lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ sinmi." Odó kò dáhùn. Ìyá wọlé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ọkọ rẹ ń bínú sí mi."

Ó wá ku koríko. Bàbá Oyèkànmí ní fìlà àrán kan, aláwọ̀ ewé, tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ló ń dé e. Oyèkànmí tú ojú rírán rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó gbé ilé ìwòsàn lé e, ó gbin igi sí i. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù. "Mo yá wọn ni," ló wí fún ara rẹ̀. "Bí mo bá ti gba iṣẹ́ tán, oníkálukú á gba tirẹ̀."

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngán ìlú kún. Ọ̀gá Ìbàdàn ṣí tirẹ̀, ó ń dán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Oyèkànmí ká aṣọ kúrò lórí tirẹ̀, gbogbo ènìyàn ké "Háà!" Bàbá rẹ̀ jókòó níwájú láìdé fìlà, ojú ń tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pàtẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ń dán lẹ́nu ọ̀nà yìí?" ni Alàgbà Akíngbadé bèèrè.

"Iná ni, sà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, aboyún tó ń rọbí kò ní ṣìnà."

Ìyá Ṣíjúadé kò rí nǹkan kan láti ibi tó jókòó. Wọ́n fà á lọ́wọ́ wá síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí fèrèsé róbótó. Ló bá figbe ta.

"Yéè! Mo ríran!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde láti wò ó.

"Mo rí ibùsùn! Ẹ̀yin ènìyàn, ojú mi là!" Ó nàró, ojú tún ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ padà, ojú tún là. "Wọn ò tíì kọ́ ọ, ó ti ń wo aláìsàn sàn!"

Ariwo sọ. Bàbá arúgbó kan ti ń wá bí òun ṣe máa fi orúnkún tó ń dun òun kan òrùlé.

Ṣíjúadé sáré wá. "Màmá, awò yín náà lẹ fi ń wòran!" Bó ṣe fẹ́ yọ ọ́ ló rí ọgbà. "Òòyà mi!" Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Yẹtí mi! Bàbá Mopélọ́lá!"

Bàbá Oyèkànmí fi ọ̀pá dìde, ó fọwọ́ pa koríko náà. "Kànmí," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé orí fìlà mi ni ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn sí?"

"Olè ló kọ́ ilé yìí!" ni ọ̀gá Ìbàdàn pariwo.

Oyèkànmí sáré fi ọwọ́ méjèèjì di òrùlé mú. Ìyàwó di ọgbà mú, ìyá ìyàwó di fèrèsé mú, bàbá di etí koríko mú, ilé ìwòsàn ń mì jìgìjìgì.

"Ẹnikẹ́ni má fà á!" Alàgbà Akíngbadé na ọwọ́ sókè. "Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sí ọ̀gá Ìbàdàn. "Bí òrùlé tiyín bá bàjẹ́, níbo lẹ ti máa rí òmíràn?"

"A máa kọ̀wé sókè òkun, sà. Bí oṣù mẹ́ta, ó ti dé."

"Oyèkànmí, ìwọ ńkọ́?"

"Màá kàn wọlé ni, sà."

Ẹ̀rín bú. Ṣíjúadé kò jẹ́ kó tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún un. Bí ẹ ò bá gbé e fún un, ìkòkò ọbẹ̀ mi ló kàn!"

Wọ́n gbé e fún un. Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ orí ilẹ̀ mi ni wọ́n kọ́ ọ sí, èmi ni baálẹ̀ ibẹ̀."

Oyèkànmí tú ohun oníkálukú lé e lọ́wọ́. Ẹ ò bá rí wọn nígbà tí wọ́n ń jáde. Ṣíjúadé fi òòyà sírun, ìlẹ̀kùn ọgbà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá fi awò sójú, ògì funfun yí i ká. Bàbá ló ṣíwájú, ó gbé fìlà rẹ̀ lérí bó ṣe wà, igi kan ṣì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀. Gbogbo ìlú dìde kí wọn. Alàgbà Akíngbadé wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá, ó nu omijé ẹ̀rín nù, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ ti fojú ara yín rí i: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."