Ẹyin Ni Mo Wí, Mi Ò Wí Eyín

Ilé ìdáná kékeré kan, páálọ̀ kan, kọ́tìnì kan láàárín méjèèjì. Nínú páálọ̀, Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ń se oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan, nà gbalaja sórí àga. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín rẹ̀ ni. Òwú kún ẹnu rẹ̀, òòyì abẹ́rẹ́ ò sì jẹ́ kó lè dìde. Nínú ilé ìdáná, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Mo-lè-ṣe-é, dúró síwájú ẹyin mẹ́fà, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti lọ pàdé ìyá rẹ̀ níbùdókọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi kíá. Mo ti lérí fún ìyàwó mi pé èmi ni màá se ohun tí ìyá rẹ̀ máa jẹ. Bí mo bá bà á jẹ́, mo gbé!"

"Ta ló ní kó o lérí? Ìwọ tó o se omi lásán lọ́jọ́sí tó jóná!"

"Wọ́n ní ẹran ti le jù fún màmá yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Eyín ò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu wọn mọ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á. O ò gbọdọ̀ dán an wò! Ẹyin rọ̀, ẹyin yá. Àárọ̀ ni o, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o, kò sígbà tí kò ṣe é jẹ. Ó yá, fọ́ ẹyin."

Omi ń ya. Nígbà tó yá, Mo-lè-ṣe-é yọjú láàárín kọ́tìnì, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ìfófòó lẹ́nu.

"Mo ti fọ̀ ọ́. Tòkè, tìsàlẹ̀."

"Kí lo fọ̀?"

"Eyín mi ni. Àbí màá fọ ti màmá náà tí wọ́n bá dé?"

"Olúwa o! Ẹyin adìẹ ni mo ní!"

"Ẹ̀gbọ́n, adìẹ wo ló léyín?"

"Ẹyin tó wà níwájú rẹ yẹn!"

"Háà, àwọn yìí kẹ̀? Mo ti gbọ́."

Omi tún ń ya. Nǹkan bọ́ lulẹ̀, pàù! Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń fọ̀ wọ́n ni, méjì bá fọ́. Ọṣẹ yẹn ń yọ̀ jù."

"Ọṣẹ? Fọ́ ni mo ní, mi ò ní fọ̀!"

"Ẹ má bínú. Méjì yẹn ló gbọ́ yín yé jù mí lọ."

"Fọ́ mẹ́rin tó kù sínú abọ́. Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó o pò ó. Kó o wá da epo sínú páànù."

"Mo ti dà á sí i. Ṣé kí n rún un ni, àbí kó wà bẹ́ẹ̀?"

"Ta ní ń rún epo?"

"Èèpo mẹ́ta ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fọ́ ẹ̀kẹrin."

Ẹ̀gbọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Èèpo kọ́! Epo! Èyí tó wà nínú ìgò! Da èèpo nù, da epo sí i, kó o dín ẹyin!"

"Mo ti dín in. Mo ti dá ẹ̀kẹrin padà, ó ku mẹ́ta."

"Ta ló ní kó o dín iye rẹ̀? Nínú epo gbígbóná ni kó o ti dín in!"

"Ẹ ò ṣe tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Sààà! Òórùn dídùn wọ páálọ̀. Mo-lè-ṣe-é bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Ó yá, kó tó jóná, yí ẹyin padà!"

Súfèé ń lọ. Òórùn dídùn di èéfín.

"Ṣé o ti yí ẹyin padà?"

"Tipẹ́tipẹ́. Ogiri ni mo kọjú sí. Ṣé mo lè wò ó báyìí?"

"Yéè! Ẹyin ni mo ní, mi ò ní ẹ̀yìn rẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dúdú." Ó fa ikun imú. "Ìyàwó mi ò ní gbà mí gbọ́ mọ́ láyé."

Àánú ṣe Ẹ̀gbọ́n. "Má sunkún. Èyí tó o dá padà ńkọ́?"

"Ó wà! Ẹ ò rí i pé ó dáa bí mo ṣe dín in?"

"Ó dáa náà. Gbé e sínú omi, gbé e kaná, kó o sè é."

"Mò ń ṣe é."

"Sè é!"

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń ṣe é!"

"Ó dáa. Máa ṣe é lọ."

Omi hó. Ẹyin jinná. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti dé! Kí ni kí n sọ?"

"Kí wọn dáadáa, kó o bẹ̀ wọ́n pé ẹyin kan ṣoṣo ló kù. Tún un sọ kí n gbọ́."

"Eyín kan ṣoṣo ló kù."

"Ẹyin!"

"Mo gbọ́ yín. Mo lè ṣe é!"

Ó sáré jáde. Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n kíra, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn ìyá ìyàwó ròkè: "Ẹnu ta ni eyín ti ku kan ṣoṣo?" Mo-lè-ṣe-é rọra padà wọlé, ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n ní kí n jókòó, kí n lanu. Wọ́n fẹ́ ka tèmi náà, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa fi sílẹ̀."