Jíìpù Olúdọ̀tun Ò Rì, Ó Ń Sinmi Ni

Omi ti wọ bàtà ìyá ìyàwó rẹ̀ kí Olúdọ̀tun tó gbà pé jíìpù òun dúró.

Ó gbà pé ó dúró o. Kò gbà pé ó rì.

Olúdọ̀tun yìí, Monrovia ní Liberia ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ìkirè wá ta aṣọ, ó fẹ́ ọmọ Bassa, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Olúdọ̀tun fúnra rẹ̀ ń ta táìsì ilẹ̀ àti ọ̀dà ní Vai Town, ọjà ń tà, ara sì ń yọ́ ọ. Ni ó bá lọ ra jíìpù kan tó lẹ́nu méjì. Ẹnu kan ń mu bẹntiróòlù, ẹnu kejì ń mu kọ́rẹ́ǹtì. Wọ́n ní ó ń gun òkè, ó ń wọ odò, ó ń la igbó já.

Ọmọ́ládé, ìyàwó rẹ̀, béèrè pé igbó wo ló wà láàárín ilé wọn ní Lakpazee àti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ní èèyàn kì í dúró kí igbó dé kó tó múra sílẹ̀ fún un.

Kọ́rẹ́ǹtì àdúgbò wọn sì rèé, bí àlejò ọlọ́lá ló rí: ìgbà tó bá wù ú ló ń yà, kì í sì í jókòó pẹ́. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ ni Olúdọ̀tun fi ń ṣáàjì jíìpù. Gbrrrrrrrrrr. Gbogbo àdúgbò ò ní gbọ́ràn mọ́. Á rọ bẹntiróòlù kún inú jẹnẹrétọ̀ bámúbámú, kí jíìpù má baà mu bẹntiróòlù.

Ẹ̀rín ń pa mí.

Nígbà tí Ọmọ́ládé ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún òun, ó ní epo ilé nìyẹn, kì í ṣe epo ọkọ̀.

Ẹni tí kò jẹ́ kí jíìpù yìí gbádùn ni Joshua, àbúrò Ọmọ́ládé. Fóònù ni Joshua ń tún ṣe. Kò ní ọkọ̀, kò ní ọ̀kadà, kódà bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló rà á. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kí wọ́n sì wá sọ ohun tó ń ṣe é fún aráyé, kò sí èyí tí Joshua ò mọ̀ lórí fóònù. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ orúkọ ajá wọn. Gbogbo wọn ló sì fi ẹnu kò lórí jíìpù Olúdọ̀tun. Wọ́n ní bátìrì ti mú un wúwo jù, pé ẹrẹ̀ á máa fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní táyà rẹ̀, táyà ọ̀nà ọlọ́dà ni. Wọ́n ní bí iná bá tán nínú rẹ̀, ó ń mu epo bí ẹni tó ń ṣínu ààwẹ̀.

Olúdọ̀tun ní ta ni wọ́n? Ẹni tí wọ́n yá lọ́kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n bu epo ọ̀fẹ́ fún, kí ni onítọ̀hún mọ̀? Ẹni tó ni nǹkan ló mọ̀ ọ́n. Òun náà bá wá ibì kan rí lórí fóònù, níbi tí àwọn tó fi owó ara wọn ra irú jíìpù yìí káàkiri ayé ti ń kọ èrò ọkàn wọn sílẹ̀.

Hẹn-ẹn. Ibẹ̀ lọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ márùn-ún. Baba àgbàlagbà kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé látìgbà tóun ti rà á, ìgbọ̀nwọ́ tó máa ń dun òun ti fò lọ. Láràárọ̀ ni Olúdọ̀tun ń ka èyí kó tó ka Bíbélì. Ọmọ́ládé ní ó kù kí òun rí ẹni tó kó owó gọbọi sílẹ̀ tí yóò jáde wá sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Ọkọ rẹ̀ ní ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí Sọ́ńdè kan fi dé.

Sọ́ńdè yẹn, wọ́n fẹ́ fi ìyá Ọmọ́ládé, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, jẹ Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Paynesville. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ó pẹ́ tí Màmá ti ń fojú sọ́nà. Ìyá Bádé, tí òun àti Màmá jọ ń du oyè náà, ò tíì gbà fún Ọlọ́run, àwọn àgbà ìjọ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá sí lórí ìjókòó nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá wọlé, oyè di ti ẹnì kejì. Màmá wá sùn sí Lakpazee kí ọmọ rẹ̀ lè bá a dirun. Ní àárọ̀, Ọmọ́ládé kó ìkòkò oúnjẹ, ó ti bá takisí lọ ṣíwájú. Ó ku Màmá, ó ku Joshua, ó ku jíìpù.

Màmá wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Gèlè funfun, bùbá funfun, ìró funfun, bàtà funfun. Bí ẹyin.

Òjò sì ń rọ̀. Òjò Monrovia ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ díẹ̀díẹ̀. Ńṣe ló ń dà bí ẹni tó bá òrùlé jà láná.

Wọ́n dé Paynesville, ọ̀nà kún. Takisí ò lọ, kẹ̀kẹ́ ò lọ, àwọn ọlọ́kadà alára fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Màmá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ó máa tú. Olúdọ̀tun wo ọ̀tún, ó rí ọ̀nà kan tó gba ẹ̀gbẹ́ àbàtà, tí ẹnikẹ́ni ò gbà. Joshua rí ibi tó ń wò. Ó wúkọ́.

Olúdọ̀tun ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan lẹ́nu kó gbé e mì.

Ó tẹ bọ́tìnnì kan tí wọ́n ya òkè sí. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó ní ẹ ti rí i, ó ti mọ ibi tí a wà.

Jíìpù wọ ẹrẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó lọ dáadáa. Ó lọ títí ó fi dé àárín gbùngbùn.

Fììììììì. Fììììììì. Pọ̀ọ́.

Ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti há," Joshua ní.

"A ò há. Ó ń ronú."

"Ta ló ń ronú?"

"Ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ onílàákàyè ni. Ó ń ṣírò bí ilẹ̀ ṣe rí kó tó gbẹ́sẹ̀."

Joshua yọ orí lójú fèrèsé, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní òun ò rí táyà mọ́.

Olúdọ̀tun tẹná mọ́ ọn. Wọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀! Ẹrẹ̀ fò sókè, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé kan lókèèrè, pàà. Jíìpù tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa, bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ìgbà yẹn ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé jẹ́jẹ́, láìfọhùn.

"Olúdọ̀tun," Màmá ní.

"Mà."

"Ìrònú yẹn ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi."

Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì, ó nà wọ́n lé iwájú ọkọ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì di orí mú. Olúdọ̀tun ní kí wọ́n má mikàn, pé àwọn tó ni irú rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ó lè wọ omi tó jìn. Joshua ní wíwọ̀ ò le, bí wọ́n ṣe máa jáde ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orí fóònù ń sọ.

Ẹni tó ni ògiri jáde síta. Jerome lorúkọ rẹ̀, ọmọ Liberia, bárò ló fi ń bá àwọn èèyàn kó sìmẹ́ńtì àti ìrẹsì. Ó wo ògiri rẹ̀, ó wo jíìpù, ó sún mọ́ wọn.

"Bossman, your car sinking-o."

Olúdọ̀tun yọ orí síta. "It not sinking, my man. It resting small."

Jerome fara balẹ̀ wò ó. "Then it will rest long-o."

Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ já mi nífun.

Jerome béèrè ibi tí Old Ma, ìyá àgbà yẹn, ń lọ. Joshua ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé oyè wà níbẹ̀, pé bíṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ wọlé. Jerome yí padà. Ó lọ gbé bárò rẹ̀, ó dà á bolẹ̀ kí òjò fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ọ̀rá mímọ́ sínú rẹ̀, ó sì wọ́ ọ wọ inú àbàtà, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn jíìpù. Màmá wo jíìpù. Ó wo bárò. Kò ka ti ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ka ti oníjíìpù.

"Joshua, gbé mi."

Bí wọ́n ṣe gbé Màmá jókòó sínú bárò nìyẹn, Joshua na agbòòrùn sí i lórí, Jerome ń tì. Gẹrẹrẹrẹ, gẹrẹrẹrẹ. Wọ́n jáde sójú títì, wọ́n gba àárín àwọn ọkọ̀ tó dúró kọjá. Nínú ọ̀kan nínú àwọn takisí náà ni Ìyá Bádé wà, tòun ti gèlè, ó ń fi ìwé orin fẹ́ ara. Màmá ju ọwọ́ sí i.

Olúdọ̀tun nìkan ló ṣẹ́kù nínú jíìpù. Òjò ń lu òrùlé, àwòrán òkè ṣì ń tàn níwájú rẹ̀. Èrò kan wá sí i lọ́kàn pé bóyá àwọn òyìnbó yẹn... Kíá ló lé e jáde. Ó yọ fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ baba onígbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn géńdé àdúgbò mú okùn wá. Wọ́n wá nǹkan tí wọ́n máa so ó mọ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan báyìí ni wọ́n rí, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ táapólì. Kẹ̀kẹ́ ń fà níwájú, patapatapatapata, àwọn géńdé ń tì lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin. Jíìpù tó ń gun òkè yọ jáde, ó dún ṣọ̀ọ̀ọ̀, bí ẹni tó fa ẹsẹ̀ yọ nínú bàtà tó há.

Olúdọ̀tun yíjú sí wọn, ó ní ṣé wọ́n rí bó ṣe rọrùn láti fà? Ó ní jíìpù mìíràn ì bá ti já okùn.

Ìgbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹrẹ̀ ti dé itan rẹ̀, ó fi bàtà dání. Òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kí àwọn tó wá kó gọ́tà gba ẹ̀yìn lọ, pé wọ́n ti bu oúnjẹ tiwọn sílẹ̀. Olúdọ̀tun ò bá a jiyàn. Ebi ń pa á. Ẹ̀yìn ló ti gbọ́ ìwàásù.

Bíṣọ́ọ̀bù ló sì ń sunkún lórí pẹpẹ. Àṣé ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an ni Màmá dé nínú bárò, ó funfun nini, ẹrẹ̀ kan ò ta sí aṣọ rẹ̀. Ó ní látìgbà tóun ti wọṣẹ́ Olúwa, òun ò rí irú ìrẹ̀lẹ̀ báyìí rí, kí ìyá tó lọ́kọ ọmọ tó ní jíìpù mọ̀-ọ́n-mọ̀ gun bárò wá jẹ oyè. Gbogbo ìjọ dìde. Màmá ṣe àmín. Kò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n fi í jẹ Ìyá Ìjọ, Ìyá Bádé sì bá wọn débẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìsìn, Olúdọ̀tun lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Màmá ní òun ti dárí jì í pátápátá, kò sí nǹkan kan nínú òun.

"Ṣùgbọ́n sọ fún Jerome kó má lọ o. Òun ló máa gbé mi délé."

Lọ́jọ́ kejì, Joshua ya ṣọ́ọ̀bù ní Vai Town. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti yí padà. Ó bá a níbi tó ti ń tẹ fóònù láàárín àwọn páálí táìsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti kọ èrò ọkàn tirẹ̀ náà sí ibi tí àwọn oníjíìpù ti ń kọ ọ́. Joshua gbà á, ó kà á:

"Ìràwọ̀ márùn-ún. Mo gbé ìyá ìyàwó mi jáde nínú òjò ńlá lọ síbi oyè wọn. Ọ̀nà burú gan-an. Ẹni tó wá pẹ̀lú takisí pẹ́, ṣùgbọ́n màmá wa dé lásìkò, ẹrẹ̀ ò kan aṣọ funfun wọn. Bíṣọ́ọ̀bù sunkún ayọ̀. Ẹ má dá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lóhùn."

Joshua wá ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ó kà á láti òkè, ó kà á láti ìsàlẹ̀.

Kò rí ẹyọ kan.

Bí fóònù ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló dún, tíń. Ẹnì kan ti fèsì láti Freetown, ó ń jẹ́ Dámiláre. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, pé ẹnu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń ba òun lẹ́rù tipẹ́, pé ẹ̀rí yìí ló fọkàn òun balẹ̀, òun sì ti sanwó jíìpù tòun láàárọ̀ yìí.

"Ìyá ìyàwó tèmi náà ń bọ̀ ní Sátidé."

Joshua na fóònù sí Olúdọ̀tun. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bá a sọ òótọ́, nítorí Ọlọ́run. Olúdọ̀tun gbà á. Ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó nu ojú fóònù mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ ìdáhùn sí i:

"Ẹ kú oríire. Ẹ ní kí wọ́n wọ funfun."