Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ Lórí Sikafóòdì

Nígbà tí Ọlọ́run ń pín etí fún ọmọ aráyé, Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ẹlẹ́dàá tó sọ ohun tí wọ́n ń fi etí ṣe tán, bàbá náà ti ní, "Mo ti mọ̀," ó gba méjì tirẹ̀, ó fa fìlà bò wọ́n, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, ó ti mọ̀; á sì gba ojú títì kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, á máa jáde. Bó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn aláwàdà a máa kì í: "Mo-ti-mọ̀, ọkọ ìmọ̀! A-dáhùn-kí-wọ́n-tó-bi-í! Akin tó ń júwe ilé fún onílé, tó ń kọ́ ọ̀pọ̀lọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ́!" Òun á rọra dín ẹsẹ̀ kù, kí oríkì náà lè tán sí i létí dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ilé, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín níta. Inú yàrá ló ti máa ń rín tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti tilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, inú yàrá ọ̀hún ò ṣeé rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn lanu gan-an lókè fèrèsé Ìyá Ilé, àmọ́ aláǹgbá kọ́ ló wọlé, òjò ni. Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, orí ìrọ̀rí rẹ̀ ló bọ́ sí. Ó ti sún bẹ́ẹ̀dì títí, ibi tó kù tó lè sún un sí ni ẹnu ọ̀nà. Òjò ńlá sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo: kí wọ́n bá òun rẹ́ ògiri yìí kí ojú ọ̀run tó ṣí.

Bíríkìlà wá wò ó, ó ní ibẹ̀ ga ju àkàbà lásán lọ. Ó ní wọ́n máa háyà sikafóòdì, àwọn irin tí wọ́n ń tò mọ́ ara ilé kí òṣìṣẹ́ lè rí orí rẹ̀ dúró.

Bàbá ní òun ti mọ̀.

Tọkọtaya jọ lọ sí ọgbà ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onírin, ẹni tó ń fi sikafóòdì háyà fáwọn kọ́lékọ́lé. Onísùúrù ènìyàn ni. Bí ènìyàn bá wá bá a, Onírin á fi ọwọ́ kan irin kọ̀ọ̀kan, á sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń fi ẹbí han ìyàwó tuntun.

"Bàbá, àwọn tó dúró ṣánṣán yìí ni òpó. Àwo irin la máa ń fi sábẹ́ wọn kí wọ́n má baà rì."

"Mo ti mọ̀."

"Àwọn tó dábùú ló so àwọn òpó mọ́ra, ìdábùú là ń pè wọ́n. Àwọn tó dagun yìí ni bíréèsì. Bí kò bá sí bíréèsì, gbogbo rẹ̀ á máa mì bí eyín àgbà. Orí pákó la máa ń dúró—"

"Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀."

"Ó ku díẹ̀, bàbá. Ẹni tó bá háyà lọ́wọ́ wa ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi háyà fún ẹlòmíràn. A sì máa ń yọjú wá wo irin wa láìsọ tẹ́lẹ̀."

"Onírin, ṣé mo jọ ọmọdé lójú rẹ ni?" Bàbá ní ilé tí òun ti kọ́ pọ̀ ju eyín ẹnu Onírin lọ. Ìyá Ilé tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé ilé kan ṣoṣo ni, òun náà ló sì ń jò. Ó fi ojú tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Onírin.

Wọ́n wá to sikafóòdì náà. Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ gun orí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó dúró dáadáa. Ó rí i pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbójú sókè wo òun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ènìyàn ò gbójú sókè wò ó rí. Ni bàbá bá ní kí wọ́n gbé àga wá fún òun lókè. Nígbà tí bíríkìlà fi dé pẹ̀lú irin ìrẹ́lé rẹ̀, bàbá ti na ẹsẹ̀ lé ìdábùú, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ó di ọ̀la," bàbá ní. "Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀la dé, ojúkòkòrò bá a dé. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì wá bi í bóyá ó ní pákó tí òun lè to abọ́ oníke lé. Bàbá wo pákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ń fi háyà. Kò pẹ́, pákó ń sọdá títì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé. Pẹ́ńtà tó ń kun ilé kan ní ẹ̀yìn ọ̀hún gbọ́, òun náà wá háyà àkàbà Onírin tí wọ́n fi ń gun irin náà.

"Ọjọ́ Sátidé, láti ọ̀sán gangan títí dìrọ̀lẹ́," bàbá wí fún un. "Tí àkókò rẹ bá tó, wá gbé e. Mi ò fẹ́ ìkíni, mi ò fẹ́ àlàyé. Má sì dá a padà ṣáájú àkókò, kí wọ́n má baà ní mo rẹ́ ọ jẹ."

Bí bíríkìlà bá dé, bí kì í bá ṣe pákó ni kò sí, àkàbà ni. Lọ́jọ́ kan ó bi bàbá bóyá kí òun máa fò lọ sókè ni, ó ní ẹyẹ kọ́ ni ìyá òun bí.

Lálẹ́, Ìyá Ilé rọra dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Bàbá wọn, Onírin ní ká má fi irin òun háyà o."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tí ẹ ń mọ̀."

Bàbá fọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà dànù. "Ohun tó bá dúró lásán, òfò ni," ó ní. Ó sọ ọ́ léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi mọ́ ara ògiri. Ìyá Ilé gbọ́, ó tọ́jú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ń wá alága tuntun nígbà náà. Ta ló tún yẹ, bí kò ṣe ẹni tó ti mọ̀? Bàbá ní kí wọ́n wá ṣèpàdé ọjọ́ Sátidé ní iwájú ilé òun. Wọ́n to àga, Ìyá Ilé ń gbé omi tútù kiri, bíríkìlà jókòó sẹ́yìn, ó gbé garawa sáàárín ẹsẹ̀, bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ tí ìpàdé bá tán. Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ wọ aṣọ funfun báláú, ó gun àkàbà lọ sórí pákó díẹ̀ tó kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ̀yin ará mi, ìmọ̀ ló ń kọ́lé. Èyí tó dúró yìí ni ìdábùú. Èyí tó sùn yìí ni òpó." Bíríkìlà wúkọ́. "Àwọn tó dagun yìí ni bíréèsì. Wọn ò ní iṣẹ́ kankan, ẹ̀ṣọ́ lásán ni."

Oòrùn kan àtàrí, bàbá ò tíì dé ìdajì ìmọ̀ rẹ̀. Pẹ́ńtà dé. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó wo oòrùn, ó wo àkàbà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, àkókò ti tó. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀—"

"Mo ti mọ̀. Ṣe ohun tó o wá ṣe, má da ọ̀rọ̀ mi rú."

Pẹ́ńtà wo ojú gbogbo àwọn tó jókòó, bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. Bíríkìlà ló dìde bá a gbá ẹsẹ̀ àkàbà mú. Pẹ́ńtà gbé e lé èjìká, ó lọ, bàbá sì ń bá ìmọ̀ bọ̀ lókè.

Ọkọ̀ Onírin ló tún yọ. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti bọ́ sí òdìkejì títì, lára pákó olórí pupa mélòó kan tó sùn sábẹ́ abọ́ oníke. Pupa ló máa ń kun orí pákó rẹ̀ kí wọ́n má baà sọnù. Oníṣọ́ọ̀bù tí ò mọ nǹkan kan kí i káàbọ̀. Ó ní tó bá ń wá pákó háyà, bàbá tó wà lókè irin yẹn ni kó rí.

Onírin sọdá.

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá. Pákó mi dà?"

"Wọn ò jìnnà."

"Àkàbà mi ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ tó wo ìsàlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ibi tó gbà gòkè, ó rí afẹ́fẹ́. Ó rọra di irin mú. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ó ní. "Mo ń ṣàyẹ̀wò ni."

Onírin mi àwọn òpó, wọn ò yẹ̀. Bíréèsì wà níbẹ̀ ṣinṣin, kì í sì í ṣe pé bàbá ò gbìyànjú láti fi àwọn náà háyà. Sípánà ilé rẹ̀ ni kò wọ nọ́ọ̀tì wọn. Nígbà tí Onírin ní kò séwu, ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn ti ń fi eyín há mọ́ bú jáde. Ẹnì kan nínú wọn dìde láti sáré lọ gba àkàbà lọ́wọ́ pẹ́ńtà.

Ìyá Ilé gbé àwo omi sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Pẹ́ńtà ti sanwó dìrọ̀lẹ́. Bàbá wọn ló sọ pé kó má dá a padà ṣáájú àkókò, a ò gbọdọ̀ sọ wọ́n di aláìlọ́rọ̀-kan." Ó wo òkè. Pákó tí bàbá dúró lé, iwájú ibi tí ògiri ti lanu gan-an ló wà. "Bàbá wọn náà ló kọ́ mi pé ohun tó bá dúró lásán, òfò ni. Bíríkìlà, ẹ bá mi fi okùn fa sìmẹ́ǹtì sí wọn."

Bíríkìlà ò jẹ́ kó tutù. Ó po sìmẹ́ǹtì mọ́ yanrìn, wọ́n ju okùn sókè, garawa gòkè, irin ìrẹ́lé gòkè. Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ bu sìmẹ́ǹtì tó kún irin náà, ó sọ ọ́ lu ògiri. Ògiri kọ̀ ọ́. Ó padà wá bá aṣọ funfun báláú.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ògiri," bíríkìlà pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Mo ti—"

Bàbá wo àyà aṣọ rẹ̀. Ó wo ẹgbẹ́ onílé, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń dúró. Ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Àwọn kan ṣàtẹ́wọ́. Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó sì ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ kí àwọn ará ẹ̀yìn náà lè gbọ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, tí pẹ́ńtà gbé àkàbà dé, Onírin ò gbé e ti irin kí bàbá tó ka orúkọ gbogbo wọn láti òkè: òpó, àwo irin, ìdábùú, bíréèsì, pákó. Tó bá ṣì í, ìpàdé á ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe alága. Láti ọjọ́ náà, àdúgbò yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọ̀gá Mo-ṣẹ̀ṣẹ̀-mọ̀.

Ibi tó rẹ́ náà rí gbágungbàgun bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dí. Ìyá Ilé máa ń sọ pé Ọlọ́run ò jẹ òun ní gbèsè àdúrà kankan, ọwọ́ tí Ó máa fi dáhùn ni òun ò rò tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi tí òjò ńlá kọ́kọ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀dì ti padà sí ààyè rẹ̀, Ìyá Ilé ń tòògbé lórí ìrọ̀rí gbígbẹ. Bàbá sáré wọlé, ó ní òjò ti ń rọ̀ o, kò sì kán ẹyọ kan ní ibi tí òun rẹ́.

Ìyá Ilé fa aṣọ bora. "Mo ti mọ̀," ó ní, ó sì kọjú sí ògiri.