Ikùn Tíṣà Gideon

Ẹ bá mi kí Tíṣà Gideon ti Òkè-Ọ̀dàn, ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀yìn ti ìgbéraga. Agbádá-ju-ara-lọ! Arìn-bí-ẹni-tó-nilẹ̀! Bí o bá kí i láàárọ̀ tí o kò fi "sà" kún un, á ní kí o padà síbi tí o ti ń bọ̀, kí o tún wá kí i.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Tíṣà: ó rù. Ó rù débi pé bí atẹ́gùn bá fẹ́, agbádá á kọ́kọ́ délé kí òun tó dé.

"Kí ni iyì?" Báyìí ló máa ń bi àwọn àgbẹ̀ tó bá jókòó lábẹ́ igi ọdán. Ẹnì kan á ní iyì ni kí ọ̀rọ̀ ènìyàn má yẹ̀. Òmíràn á ní iyì ni kéèyàn má tọrọ jẹ. Tíṣà á yínmú.

"Ẹ ò kàwé ni. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ni iyì. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikùn ló ń gbé orúkọ náà kiri!"

Ó wá ku ibi tí yóò ti rí ikùn. Ìjọba ló bá a wá a. Lọ́dún 2019 tí wọ́n ti bodè pa, ìrẹsì Kútọnu di èèwọ̀, gààrí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu. Tíṣà ní òun ò lè fi ẹnu tó kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ ìrẹsì olókùúta. Dinah, ìyàwó rẹ̀, fi aṣọ fúláwà rán àpò kan fún un, Tíṣà sì forí lé ìhà Ìdìròkò lẹ́nu bodè. Ó kó ìrẹsì sínú àpò, ó fi ọ̀já ìpọnmọ gbà á mọ́ ikùn, ó da agbádá bò ó, ó gun ọ̀kadà.

Lójú ọ̀nà, Bánjí, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, ti tú ẹrù gbogbo ẹni tó kọjá, títí kan àpò Bíbélì. Ó rí ikùn Tíṣà, ó ṣí fìlà.

"Háà, Bàbá! Ẹ má sọ̀ kalẹ̀, sà. Ẹ máa lọ."

Nígbà tó dé Òkè-Ọ̀dàn, àwọn tí kì í dá a lóhùn tẹ́lẹ̀ dìde. Wọ́n gbé àga fún un. "Bàbá, ẹ mà ti sanra o!" Tíṣà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ojú rẹ̀ ń dán.

Nílé, Dinah ti gbé omi kaná. "Bàbá Ọlájídé, ẹ tú u, kí n rí nǹkan sè."

"Kí n tú kí ni?"

"Ìrẹsì."

"Ìyá Ọlájídé, ṣé iyì mi lo fẹ́ sè jẹ?"

Kò tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé e kiri, oúnjẹ ilé ń ṣe fàájì nígboro lára baálé. Ó ní kí télọ̀ bá òun fẹ gbogbo ṣòkòtò òun. Ó pa mí lẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n inú tún bí mi, nítorí mo rí Dinah tó ń yá gààrí lọ́wọ́ ará ilé kejì.

Ni ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí Tíṣà wá ṣe alága ìkórè. Ogún ọdún ló ti ń wá a! Wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bó bá ṣe é dáadáa, òun ni wọ́n máa fi jẹ Bàbá Ìjọ.

Lọ́jọ́ náà, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Bánjí náà wá, wọ́n fi í síwájú gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Tíṣà dìde.

"Ẹ̀yin ará, kí ni iyì? Ẹ wò mí! Iyì kì í gbénú, ìta ló ń gbé!" Ó fọwọ́ lu ikùn. Gbì! "Iyì kì í yẹ̀!" Gbì! "Iyì kì í tú!" Gbì!

Òógùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jẹ àpò náà. Lílù kẹta ló fà á ya. Ṣààà! Ìrẹsì gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò dà sílẹ̀. Àwọn adìẹ ìkórè já okùn, wọ́n ya bo alága.

"Iyì, ẹ̀yin ará... ṣíọ̀! Kúrò níbí!... iyì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wí..."

Bí ikùn ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ṣòkòtò ń tẹ̀lé e. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá a mú. Bánjí bẹ̀rẹ̀, ó ṣa hóró kan, ó wò ó dáadáa.

"Ti Kútọnu nìyí. Ta ló ni ín?"

"Kì í ṣe tèmi," ni Tíṣà wí wéré.

Dinah dìde láàárín àwọn ìyá. "Bí kì í bá ṣe tiyín, Bàbá Ọlájídé, ikùn yín dà?"

Màmá Fẹ́yìsetán, ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ, ló sọ̀rọ̀: "Ẹ dá a lóhùn o. Gbogbo wa la jọ kí ikùn yẹn."

Tíṣà wo Bánjí, ó wo àlùfáà, ó wo adìẹ. "Ìrẹsì ni," ó ní.

"Ikùn ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Ìrẹsì náà ni."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, bóyá ni wọn ò gbọ́ ọ ní Ìlaró. Bánjí nìkan ni kò rín. Ó rántí pé bí òun bá mú Bàbá dé ọ́fíìsì, wọ́n á bèèrè ẹni tó ṣí fìlà fún àpò ìrẹsì. Ó yíjú sí ògiri, ó ní ìkórè ọdún yìí mà dára o.

Dinah tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó lé adìẹ, ó gbá ìrẹsì náà jọ títí dé hóró tó kẹ́yìn. Ó ní òun á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje. Ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà ilé. Tíṣà ń tẹ̀lé e, ó fọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú.

"Ìyá Ọlájídé, jọ̀ọ́, rọra rìn."

Kò rọra rìn. Ebi ń pa á.